Gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti láptọ́ọ̀pù àlòkù: kí ni kí n fi gba orin ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Ọmọ Òkè-Ajé · Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo ilé o.

Régbérégbé ìyá mi fẹ́ gbé orin kan jáde kí Ojúde Ọba tó dé. Èmi ni wọ́n dá iṣẹ́ náà lé lórí, nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń rí nídìí kọ̀ǹpútà. Orin náà ò ní ju ìṣẹ́jú 4 lọ: ohùn ìyá mẹ́fà, gángan kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì, agogo, àti àgídìgbo tí bàbá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó fẹ́ wá bá wa lù. Mo lọ sí ilé ìgborinsílẹ̀ kan. Iye tí wọ́n pè, bí mo bá sọ ọ́ létí àwọn ìyá yìí, wọ́n á ní kí n kúkú lọ fi ra aṣọ ẹgbẹ́ kún un.

Láptọ́ọ̀pù mi rèé: àlòkù ni, RAM 4GB, háàdì díìsìkì rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń họ ìkòkò. Sọ́fítíwíà orin tí mo ń lò, kíráàkì ni, ọ̀rẹ́ kan ló bá mi gbé e sí i. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo ṣí i, ó ní kí n wá sanwó, kò sì jẹ́ kí n ṣí iṣẹ́ tí mo ti ṣe sílẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Fáírọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e wọlé ti ba gbogbo fáìlì inú fláàṣì mi jẹ́. Orin ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin wà nínú wọn. Ó ti lọ nìyẹn.

Mo gbọ́ pé àwọn sọ́fítíwíà kan wà tí kò gbowó tí kì í sì í ṣe ẹrù olè. Èwo ni kí n mú? Ṣé wọ́n lè gbé orin tó ṣe é gbọ́ láwùjọ jáde, àbí ohun ìṣeré ọmọdé ni? Owó ọwọ́ mi ò ju ti máìkì kan lọ.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ fún orin ìgbéyàwó yẹn. Irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá sì béèrè ohun tí wọ́n gbé sórí ẹ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n á kọ́kọ́ wojú ara wọn ná, kí wọ́n tó wá pe kíráàkì.

Kí n tó dárúkọ ohunkóhun, mọ̀ pé gbígba ohùn sílẹ̀ yàtọ̀ sí títo bíìtì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. LMMS dáa fún ẹni tó fẹ́ fi eku kọ̀ǹpútà to ìlù àti dùùrù, ọwọ́ rẹ á sì tètè mọ̀ ọ́n bó bá jẹ́ pé sọ́fítíwíà títo bíìtì lo ń lò tẹ́lẹ̀. Àmọ́ LMMS 1.2 kò ní bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ rárá. Oníbàárà mi kan fi odindi ọ̀sán wá a, ó ti ń mú máìkì rẹ̀ bọ̀ wá bá mi pé kí n tún un ṣe.

Ohùn ènìyàn àti ìlù gidi ni tìẹ, nítorí náà Audacity tàbí Ardour ni. Audacity ti wà láti ọdún 2000. Roger Dannenberg àti Dominic Mazzoni ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà. Ó fúyẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, kò sì sí ohun tó gbà ju kí o tẹ bọ́tìnì pupa kí o máa kọrin. Ardour, tí Paul Davis bẹ̀rẹ̀, ni ilé ìgborinsílẹ̀ pátápátá: tíráàkì, ìyẹn ìlà ohùn kọ̀ọ̀kan, bí o bá ṣe fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ ìpo-ohùn-pọ̀ ní ìsàlẹ̀, o lè darí ohùn mẹ́fà sínú ẹnu ọ̀nà kan kí o sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé gbogbo wọn sókè.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń da àwọn ènìyàn láàmú. Bí o bá lọ sórí ojúlé Ardour láti mú ti Windows, wọ́n á ní kí o san nǹkan díẹ̀. Ẹ̀yà ìdánwò rẹ̀ sì máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Gbogbo kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sè é lè sè é fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ti sè sílẹ̀ ni wọ́n ń gba owó lé. Ṣùgbọ́n bí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, bá wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ, inú àká sọ́fítíwíà Linux náà lo ti máa fà á, o ò ní san kọ́bọ̀.

Olùdarí Akọrin · Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù bà ọmọ yìí. Audacity nìkan tó o. Òun la fi gba orin ẹgbẹ́ akọrin wa sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé kí la fi ṣe é.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí Audacity. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹgbẹ́ akọrin yín jọ kọrin lẹ́ẹ̀kan náà síwájú máìkì kan ni. Tìyẹn, bàbá alágídìgbo ò lè wá lọ́jọ́ tí onígángan bá wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ìyá mẹ́fà ṣe máa rí ọjọ́ kan náà yàn. Wọ́n á máa gba ara wọn lé orí ara wọn ni. Nígbà tó bá fi máa di tíráàkì kẹwàá, á mọ ohun tí mò ń wí.

Ọmọ Òkè-Ajé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ni, wọn ò lè pé lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ṣé Linux yẹn ò ní pa láptọ́ọ̀pù mi? Dátà ń kọ́? Àti pé onígángan tí mo bá sọ̀rọ̀ ti ń pe owó ńlá. Ṣé kò sí gángan nínú àwọn àpótí ohùn ọ̀fẹ́ tí mo lè fi eku tò?

Jẹ́jẹ́ L'Ayé

Gángan inú kọ̀ǹpútà fún orin Ojúde Ọba. Kí Àyàn má rí ọ̀rọ̀ yìí o.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún Àyàn, ó ń bọ̀. Ní ti Linux: oríṣi rẹ̀ pọ̀, mú èyí tí wọ́n ń pè ní Linux Mint, ẹ̀yà Xfce, nítorí ó fúyẹ́ fún RAM 4GB. Ubuntu Studio náà wà, láti ọdún 2007, àwọn nǹkan orin ti kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo fún ẹ̀rọ rẹ. Fáìlì Mint náà ju 2GB lọ, nítorí náà má fi dátà ọ̀sán rẹ fà á; bí o bá ní ẹni kan ní Ágọ́-Ìwòyè tó ń rí Wi-Fi lò, fún un ní fláàṣì. Láti orí fláàṣì lo ti máa kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ láì pa nǹkan kan rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù. Bí máìkì bá ṣiṣẹ́, tí Wi-Fi ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn ni kí o tó fi sí i. Kó gbogbo fótò àti ìwé rẹ kúrò níbẹ̀ kó tó dìgbà náà. Mo mọ̀ pé o gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ náà ni wọ́n ń wá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Tí o bá rówó kékeré, yọ háàdì díìsìkì tó ń họ ìkòkò yẹn, kí o fi SSD àlòkù, irú èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé á yára, ariwo ìhọkòkò yẹn ò ní wọnú máìkì.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣe orin lórí Linux gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá JACK jà. Paul Davis yìí náà ló kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti so ohùn sọ́fítíwíà kan mọ́ òmíràn. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń le sí ẹni tuntun bí ìyàwó ilé sí ìyálé. PipeWire, tí Wim Taymans dá sílẹ̀, ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe báyìí, ó sì wà nínú Mint 22 láì jẹ́ pé o ṣe nǹkan kan.

Nínú Ardour, ibì kan wà tí wọ́n á ti bi ọ́ ní buffer. Ìdúró tí ohùn ń dúró kó tó dé etí rẹ ni. Bí ẹ̀rọ bá ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, buffer 256 jẹ́ bíi ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. 1024 á sún mọ́ 21. Bí wọ́n bá ń kọrin lọ́wọ́, fi sí 256 kí ohùn wọn má máa dá wọn lóhùn lẹ́yìn nínú hẹ́ẹ̀dúfóònù. Bí o bá ń po ohùn pọ̀, gbé e sí 1024 kí ẹ̀rọ rẹ lè mí. Bí o bá gbọ́ tá-tá-tá bí àgbàdo tó ń yan, buffer ti kéré jù nìyẹn.

Àyàn Ìpẹru

Mo ti rí i. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ mi, inú ò bí mi. Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, kí o tó lọ ná dátà rẹ dànù. Àwọn àpótí ohùn ọ̀fẹ́ yẹn, mo ti yẹ̀ wọ́n wò, nítorí ọmọ mi kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìlù òyìnbó kún inú wọn. Kọ́ńgà wà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ máa ń dún bí ìrẹsì nínú agolo. Bí o bá rí ohun tí wọ́n pè ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìró mẹ́ta, mẹ́rin ni: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ó tán.

Gángan kì í ṣe ìró mẹ́ta. Awọ ni, ọsán ni, apá onílù ni. Bí mo bá fẹ́ ti dò bọ́ sí mí, mi ò fò ó bí ẹni ń fo kòtò. Ìlù náà á yọ́ gòkè bí apá mi ṣe ń fún un. Inú yíyọ́ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gba ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó wá ń fi eku tò wọ́n, ó ti gé ahọ́n ìlù kó tó ní kó sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìpolówó orí rédíò. Ó ń pariwo, kò wí nǹkan kan.

Agogo, o lè tò ó. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bó bá jẹ́ pé tìrẹ lo gbà sílẹ̀. Àkúbà náà. Gángan, wá onílù. Bí owó onígángan yẹn bá pọ̀ jù, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, Ìpẹru sí Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìrìn àjò.

Bí o bá wá fẹ́ gbà á sílẹ̀, má ti máìkì mọ́ ojú awọ. Fi tó bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sẹ́yìn, kó máa wo ẹ̀gbẹ́ etí awọ, kó má ṣe dojú kọ ibi tí kọ̀ǹgọ́ ń bọ́ sí. Má gbé e sí abẹ́ apá onílù, ọsán á máa ké wíí-wíí sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, fà á jìnnà ju mítà kan lọ. Ó kéré lójú ṣùgbọ́n ó ń gún etí ju gángan lọ. Kí o tó tẹ bọ́tìnì, ní kí onílù lù ú bó ṣe máa le tó níbi tó ti máa le jù. Gbogbo onílù ló máa ń lù jẹ́jẹ́ bí o bá ní kó dán an wò. Tó bá dé orí orin, á gbàgbé rẹ pátápátá.

Má sì fi tíkì-tíkì aago kọ̀ǹpútà sí etí rẹ̀. Orin wa ń sáré díẹ̀ níbi tí inú bá ti dùn. Gba gángan àti agogo sílẹ̀ ṣáájú, kí àwọn ìyá wá kọrin lé e.

Ọmọ Yunifásítì · Ágọ́-Ìwòyè

Àyàn, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí gángan. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ọwọ́ lu agogo àti àkúbà tó ti gbà sílẹ̀ dípò kó máa fi eku tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? A ṣe pátákó ìlù kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, kò sí ohun tí a rà tó dùn wá.

Arduino, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè kọ kóòdù sí, ni ọpọlọ rẹ̀. Ní ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì, wọ́n sì fi àwòrán ẹ̀rọ náà síta kí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó jọ ọ́ fi pọ̀ lọ́jà tí owó wọn sì wálẹ̀. Ẹ má ra ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Uno fún iṣẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà ò ní dá a mọ̀ bí ohun èlò orin láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan mìíràn sáàárín. Leonardo tàbí Pro Micro ni kí ẹ béèrè, tó ní ATmega32U4 nínú. Bí ẹ bá kọ MIDI, èdè tí àwọn ohun èlò orin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, sínú kóòdù rẹ̀, tí ẹ sì ki USB rẹ̀ bọlé, kọ̀ǹpútà á pè é ní ohun èlò MIDI.

Ohun tó ń gbọ́ ìlù ni piezo, àwo idẹ róbótó pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ. Ẹ lè yọ ọ́ nínú ohun ìṣeré ọmọdé tó ń dún tó ti bàjẹ́. Wáyà kan lọ sí ihò A0 lára Arduino, èkejì lọ sí ihò GND, ẹ fi resistor (ohun tó ń dín iná kù) 1 mẹ́gáómù so àwọn méjèèjì pọ̀ kí iná tó bá ṣẹ́kù lè ráyè sá. Bí ẹnì kan bá lù ú gidigidi, iná tó máa jáde lè ju èyí tí Arduino lè gbà lọ, nítorí náà ẹ fi Zener 5.1V, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná kọjá ìwọ̀n, dáàbò bò ó. A ò fi í sí i nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kan ti jóná lọ́wọ́ wa.

Fún awọ, sílípáàsì rọ́bà la gé. A lẹ piezo mọ́ abẹ́ rẹ̀, a fi fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì sí abẹ́ ìyẹn, kí pátákó kan má baà gbọ́ ìlù èkejì. Ohun tó dà wá láàmú jù ni pé bí a bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó ń dún lẹ́ẹ̀mẹta. Sílípáàsì ń gbọ̀n ni. A wá kọ ọ́ sínú kóòdù pé bó bá ti gbọ́ ìlù kan, kó di etí fún ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó tán. Hydrogen, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún ìlù, la fi gbé ohùn agogo sí i. Nọ́ńbà MIDI 36 ni ohun èlò àkọ́kọ́ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ L'Ayé

Sílípáàsì ọ̀tún àbí ti òsì?

Ọmọ Yunifásítì

Ọ̀tún ti rúùmù-méètì mi. Ó ṣì ń wá a.

Olùdarí Akọrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yàrá, nítorí pé máìkì olówó ńlá nínú yàrá tó ń dún gbọ̀ngàn, owó ìnádànù ni. Ilé wa níhìn-ín, ògiri símẹ́ńtì, ilẹ̀ táìlì, òrùlé páànù. Bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ kan, ó máa gbọ́ mẹ́ta. Ibi tó dáa jù lọ́dọ̀ mi ni yàrá tí àpótí aṣọ ìyá mi wà. Mo tú aṣọ òkè sórí okùn káàkiri, mo fi mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri kan, ohùn wá gbẹ bí ọwọ́ tí a nù. Kò sí ilé Ìjẹ̀bú tí aṣọ ẹgbẹ́ ò ti kún àpótí, ẹ fi ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ jẹ́ kí máìkì gba ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Audacity á lo ìyẹn láti mọ ohun tó yẹ kó yọ. Ẹ máa ṣọ́ ọ o. Bí ẹ bá ní kó yọ ọ́ pátápátá, ohùn àwọn ìyá á dà bíi ti ẹni tó ń kọrin láti inú kànga. Yíyọ díẹ̀ ló dáa, ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ yòókù fara pamọ́ sábẹ́ ìlù.

Bí àwọn ìyá bá fẹ́ pín ohùn sí òkè àti ìsàlẹ̀, MuseScore wà fún kíkọ nóòtì orin sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Àmọ́ ẹ má fi fún wọn láti kà. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ jáde, kí wọ́n fi etí mú un.

Ọmọ Òkè-Ajé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ ṣeun púpọ̀. Jẹ́ kí n ròyìn.

Mint ti wọlé, Ardour ti wọlé. Máìkì mi jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n yá mi, mo wá ra àpótí USB kékeré tí wọ́n ń ki máìkì bọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó tà á bóyá ó nílò dráífà, ó ní kò nílò, mo ki í bọlé níwájú rẹ̀, Linux sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ìdààmú àkọ́kọ́: hùùùùù. Ohùn kan wà nísàlẹ̀ gbogbo nǹkan bí oyin inú àgbá. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ ihò USB, mo gbé fáànù kúrò, mo ti fẹ́ dá máìkì padà. Ó wá di pé wọ́n mú iná lọ. Ohùn náà dákẹ́ kẹ́ẹ́! Wọ́n dá iná padà, ó bẹ̀rẹ̀. Ṣájà láptọ́ọ̀pù mi ni. Láti ìgbà náà, bí a bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, mo máa ń yọ ṣájà. Bátírì mi ò lò ju ìṣẹ́jú 40 lọ, nítorí náà ìyá kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti ṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, a ń lọ jẹun.

Àwọn tíráàkì tó ti bàjẹ́ kí n tó mọ̀, mo bá wọn lò ó báyìí: iná wa níhìn-ín ń lọ ní 50Hz, mo fi EQ, ohun tó ń gbé ìpele ohùn sókè tàbí sílẹ̀, inú Ardour ge 50, 100 àti 150 bí abẹ́rẹ́, kò sì pa ohùn wọn lára. Àyè tí fáìlì ń gbà ò pọ̀ bí mo ṣe rò: tíráàkì kan ní 24-bit, 48,000, kò ju bíi 8.6MB lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Bàbá alágídìgbo dé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bàbá ò gbà kí n fi hẹ́ẹ̀dúfóònù sí etí òun. Wọ́n ní bí ìlù kò bá sí nínú ilé, kí ni àwọn ń bá rìn? Mo gbé sípíkà kékeré sí ẹ̀yìn wọn, mo yí máìkì sẹ́yìn sí i, mo fi sún mọ́ àpótí àgídìgbo bíi gígùn ọwọ́ sí ìgúnpá. Gángan wọ inú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lù ú, wọ́n ò ṣìṣe rárá, mi ò lè ní kí wọ́n tún un ṣe.

Orin náà rèé, mo ti fi sí ìsàlẹ̀. Mo tún ge gángan ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ di lúùpù kó lè gùn tó ibi tí ohùn ti máa wọlé. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Àbúrò, o gbìyànjú gan-an. Ohùn ìyá kẹta ń pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Fi High-pass, tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, sí ohùn gbogbo wọn ní 80Hz, ìsàlẹ̀ ohùn wọn ò wúlò fún wa, gángan ló ni ibẹ̀. Àwọn plugin (àfikún fún Ardour) LSP àti x42 wà nínú àká Mint, gbà wọ́n.

Àyàn Ìpẹru

Ohùn dára. Àgídìgbo yẹn dá omi sí mi lójú, ẹ bá mi kí bàbá. Ìbẹ̀rẹ̀ orin, ọmọ mi, kí lo ge?

Onílù yín lu "ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnáwó". Mo gbọ́ ọ dáadáa nígbà tó tún lù ú lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níbi tí o ti sọ ọ́ di lúùpù, ọ̀bẹ rẹ ti gé "ìnáwó" dànù. Ohun tí gángan ń sọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 gbáko ni: ẹ kú, ẹ kú, ẹ kú, ẹ kú, ẹ kú.

Jẹ́jẹ́ L'Ayé

Háà! Ní Ojúde Ọba!

Ọmọ Òkè-Ajé

Mo kú o. Ìyá mi ti fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ lánàá. Gbogbo wọn ń fi àmì ijó dáhùn. Bàbá àgbà kan ṣoṣo ló pe ìyá mi láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ta ni àwọn àti àwọn jọ ń jà.

Mo ti ń ge e ní tuntun. Lójú mi, ìlù mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ń kà, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe pa ìlà sí i.

Àyàn Ìpẹru

Kọ̀ǹpútà ka mẹ́rin, onílù ń ka ọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ gé ìlù, kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ohun tó ń wí, kí o wá gé e níbi tí o ti lè mí.

Olùdarí Akọrin

Ọmọ Òkè-Ajé, àgídìgbo bàbá yẹn, ṣé o gba ẹyọ ìró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀? Àyàn ti sọ pé gángan kò ṣe é tò, ṣùgbọ́n àgídìgbo ṣe é tò, mi ò sì rí i níbìkan rí. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa lò ó.

Ọmọ Yunifásítì

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e sí Freesound. Àwọn ará Universitat Pompeu Fabra ní Barcelona ló dá a sílẹ̀ ní 2005, ohùn tí àwọn ènìyàn gbà sílẹ̀ fúnra wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ kàn máa wo àṣẹ tó wà lára ohùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lò ó. CC0: ẹ lò ó bó ṣe wù yín. CC BY: ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá rí NC lára rẹ̀, ẹ má fi sínú orin tí ẹ máa tà.

Ẹlẹ́rọ Ṣàgámù

Kí ẹ tó gbé e síbikíbi, ẹ bi bàbá. Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira, òmìnira sì yàtọ̀ sí kó-o-kó-o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna Ishola ti wá, òun àti I.K. Dairo jọ dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Star Records sílẹ̀ ní 1969 kí iṣẹ́ ọwọ́ akọrin má baà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìlú tí bàbá yìí ti wá, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí ju wa lọ.

Ọmọ Òkè-Ajé

Mo ti lọ bi bàbá. Mo gba ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin-mẹ́rin, jẹ́jẹ́ títí dé líle, nínú yàrá àpótí aṣọ, pẹ̀lú ṣájà tí mo ti yọ. Mo ṣàlàyé CC0 àti CC BY fún wọn bí mo ṣe lè ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni lò ó, kí ó tà á bó bá fẹ́, àmọ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni ohùn náà ti wá. Orúkọ tàwọn ò ṣe pàtàkì. CC BY ni mo kọ sí i.

Fódà náà ti wà lókè. Ìró kẹta ń gbọ̀n díẹ̀, bàbá ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń gbọ̀n, kí ẹ má tún un ṣe.